Ewé Tí Kì Í Fẹ́ Iná

Sùlíyá kì í ra kẹ́ẹ̀gì láìgbóòórùn rẹ̀. Yóò ṣí ìdérí, yóò fi imú lé ẹnu rẹ̀, yóò dúró díẹ̀. Bí òórùn kejì bá wà lábẹ́ òórùn kìíní, ó ti mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo jáde láti ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ọgbà àti Ìkẹjà máa ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n á da òróró díẹ̀ sí i, wọ́n á ní ti òróró ni látilẹ̀wá. Bẹ́ẹ̀, kẹ́míkà ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì rọ epo pupa sínú irú rẹ̀, májèlé ló ń tà.

"Òróró lo pe èyí?"

"Òróró ni, Ìyá Uswat. Ṣé mo máa purọ́ fún yín ni?"

"Ìwọ ò ní purọ́. Kẹ́ẹ̀gì ẹ ló ń tú ẹ fó."

Òrílé Agége ni wọ́n bí i sí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ òwò kẹ́ẹ̀gì àlòkù, ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin yẹn sì kọ́ ọ ni pé imú ló wà lókè ẹnu, òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Sùlíyá kò gbàgbé. Ó ń gbóòórùn ẹja lọ́jà, ó ń gbóòórùn aṣọ tí alágbàfọ̀ bá dá padà. Àwọn ará àdúgbò ní tó bá kú, yóò kọ́kọ́ gbóòórùn ara rẹ̀ kó tó gbà pé òun ti kú lóòótọ́. Ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Kò bá wọn jiyàn.

Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àpò ewé àti egbò igi, Sùlíyá bá a sọ ẹrù kalẹ̀. Ó wo àpò náà.

Ọkọ rẹ̀, Àlàmú, ni ara rẹ̀ kò yá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ike ṣe àga ló ń bá ṣiṣẹ́, inú sì ti ń ta á tipẹ́. Bó bá jẹun, á ta á. Bí kò bá jẹun, á tún ta á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rù títí bẹ́líìtì kò fi ní ihò tó lè gbà á mọ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gba ìgbẹ́ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Dókítà ní kòkòrò àìfojúrí kan ti kọ́lé sínú àpòlúkù rẹ̀, òun ló ń dá ọgbẹ́ síbẹ̀. Ó kọ òògùn fún un, oríṣiríṣi, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní kò gbọdọ̀ fo ìgbà kankan, kò sì gbọdọ̀ dá a dúró ní ìdajì ọ̀nà.

Àlàmú dá a dúró kó tó dé ìdajì ọ̀nà. Ó ní ẹnu òun ń ṣe bíi ti ẹni tó ń lá kọ́kọ́rọ́. Ó bì lẹ́ẹ̀kan, ó bì lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé páálí òògùn sí orí àpótí aṣọ.

"Òògùn tó fẹ́ kọ́kọ́ pa èmi kó tó pa kòkòrò," ló wí. "Ẹ bá mi pe Màámi. Ewé Màámi ni mo fi dàgbà."

Sùlíyá bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ẹ̀rù ń ba Sùlíyá, nítorí gbogbo ìdílé ló mọ ohun tó pa bàbá Àlàmú. Inú náà ni. Inú ń ta á, inú ń ta á, lọ́jọ́ kan ó pọ ẹ̀jẹ̀, kò sì rí ọjọ́ kejì.

Màámi jẹ́ obìnrin tín-ín-rín tí kì í wo ojú ènìyàn pẹ́. Òun àti Sùlíyá kò jà rí. Wọn kò sì fẹ́ràn ara wọn rí. Nígbà tí Àlàmú kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Màámi bi í pé, "Ọmọ Agége? Èyí tó ń fọ kẹ́ẹ̀gì?" Ẹnìkan ló wá sọ ọ́ fún Sùlíyá. Ó gbà á sínú, kò bì í jáde.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni Màámi máa ń se àgbo náà, nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé, lórí ààrò oníyẹ̀fun pákó tí Sùlíyá fi ń se omi tó fi ń fọ kẹ́ẹ̀gì. Efinrin ni, pẹ̀lú ewúro díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, nígbà tó hó tán, Màámi sọ ìkòkò kalẹ̀. Kò bu nínú rẹ̀, kò pe Àlàmú. Ó jókòó tì í títí ó fi tutù pátápátá.

"Ìyá Uswat, kọ ẹ̀yìn sí mi."

Sùlíyá mọ àṣà náà. Ní ìdílé àwọn Àlàmú, ẹni tó ni àgbo ló ń dá fi ewé ìkẹyìn sí i. Ẹlòmíràn lè já ewé yòókù, ó lè fọ̀ ọ́, ó lè dáná sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọdọ̀ rí ewé ìkẹyìn. Àgbo tí ènìyàn méjì bá rí gbogbo ewé rẹ̀ ti di ti ìgboro. Nítorí náà kò sẹ́ni tó máa ń béèrè.

Ó kọ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò di etí. Ewé máa ń dún bí wọ́n bá ń ya á. Kò gbọ́ ìró ewé. Ó gbọ́ nǹkan kékeré tó ta pó, tó tún ta pó, bí ìgbà tí ènìyàn ń pa iná orí.

"Màámi, ẹ ò jẹ́ kó bá àwọn yòókù hó?"

"Ewé yìí kì í fẹ́ iná."

"Ewé wo ni kì í fẹ́ iná?"

"Ẹ̀yìn ni mo ní kó o kọ sí mi, ìyàwó. Jẹ́ kí ẹnu náà kọ ẹ̀yìn."

Àlàmú mu ún, ó fajú ro. Ó ní ó korò ju ti àtijọ́ lọ. Inú rẹ̀ sì dùn sí i pé ó korò.

Sùlíyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ nǹkan. Àgbo náà fẹ́lẹ́. Ó ti rí àgbo Ògbómọ̀ṣọ́ rí nígbà tí wọ́n lọ sin bàbá ọkọ rẹ̀. Dúdú ni, ó máa ń fi àmì sí ẹnu ife. Eléyìí dà bí omi tí wọ́n fi ṣan efinrin. Egbò àtà tí Màámi gbé wá láti ilé ṣì wà nínú àpò, ó ń gbẹ síbẹ̀. Bí kò bá lo egbò, tí ewúro rẹ̀ kò sì ju díẹ̀ lọ, kí ló ń korò tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Fàúsát, tó ń ta epo pupa ní Abúlé Ẹ̀gbá, wá ra kẹ́ẹ̀gì. Sùlíyá sọ fún un, kò sọ púpọ̀.

"Ó ní kó o kọ ẹ̀yìn?" Fàúsát pàtẹ́wọ́. "O sì kọ ọ́?"

"Àṣà wọn ni."

"Àṣà! Ọ̀rẹ́ mi, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó ọkọ ẹ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Inú ife ni wọ́n ń gbé e gbà. Ìwọ tó o máa ń gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì mi bíi ajá ọlọ́pàá, o ò gbóòórùn ti inú ilé ẹ."

Sùlíyá so kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ pọ̀ fún un.

Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni Àlàmú dé láti ibi iṣẹ́, tó ń fi ahọ́n gbá inú ẹnu rẹ̀ kiri. "Àgbo yìí lágbára o. Ó tún ń ṣe mí bíi ti ìjọ́sí, bí ẹni ń lá kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n eléyìí ò bì mí nínú. Ẹ ò rí i? Ewé gidi nìyẹn."

Sùlíyá gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó sì mú un dání.

Ó gbé ife rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn, ó fi imú lé e. Efinrin ló wà lókè. Ewúro tẹ̀ lé e. Lábẹ́ méjèèjì, òórùn kan wà tí kì í ṣe ti ewé, tó dà bí ẹyin tó ti fẹ́ máa bàjẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Kò rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n.

Ó wọ yàrá, ó gbé páálí òògùn sọ̀kalẹ̀ láti orí àpótí. Wọ́n pa á dé dáadáa. Ó fúyẹ́. Nígbà tó ṣí i, òórùn kan náà kí i. Díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀.

"Bàbá Uswat, ṣé ẹ ti ń lo òògùn yìí padà ni?"

"Èmi kẹ̀?" Àlàmú rẹ́rìn-ín. "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Kò purọ́. Sùlíyá mọ bó ṣe máa ń purọ́. Ó máa ń búra ni. Nígbà náà ni ó rántí pé òun ti rí Màámi lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó gbin nǹkan. Ó mú igi, ó lọ hú ibẹ̀. Káàdì òògùn tó ti ṣófo ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n ká a wínníwínní. Èèpo kápúsù tẹ̀ lé e, pupa àti ìyeyè, ilẹ̀ ti ń jẹ wọ́n, wọ́n rọ̀ bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi.

Ó kó wọn sínú agolo mílíìkì. Ó bo ilẹ̀ padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àgbo hó, ó tutù.

"Kọ ẹ̀yìn sí mi."

Sùlíyá kò kọ ẹ̀yìn.

Màámi wo agolo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé. "Ṣé ó ti jí?"

"Kò tíì jí."

"Jókòó."

Ó jókòó. Obìnrin àgbà náà tú etí ìró rẹ̀, ó mú kápúsù méjì jáde àti hóró funfun kan tó ti lọ̀ kúnná, tó dì sínú ìwé. Ó fi èékánná ya kápúsù náà. Ìró tí Sùlíyá ń gbọ́ nìyẹn. Ìyẹ̀fun bọ́ sínú ife.

"Ọmọ mi lè kọ ti dókítà," ó wí. "Kò lè kọ àgbo ìyá rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan ni. Ohun tó bá wọ etí ẹ, mi ò mọ̀ bóyá ó máa dúró síbẹ̀." Ó ro ife náà pọ̀. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo rò pé mo ń fún un?"

Sùlíyá wo ilẹ̀.

"Mo mọ̀," ni Màámi wí. "Bí èmi náà bá jẹ́ ìyàwó, ohun tí mo máa rò nìyẹn."

Ó ká ìwé náà pọ̀, ó fi í sí etí ìró rẹ̀. "Àgbo mi ni bàbá rẹ̀ mu. Èyí tó dúdú. Tó bá mu ún, á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á lọ sóko. Tó bá yá, ìrora á tún padà wá. Ìrora ń lọ, nǹkan náà ò lọ. Má sọ pé mo ní ewé kì í ṣiṣẹ́ o. Ó ń ṣiṣẹ́. Mi ò kàn mọ ibi tí agbára rẹ̀ ń dé. Mi ò sì lè fi ọmọ kan ṣoṣo wá ibẹ̀."

Sùlíyá kò gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sí kẹ́ẹ̀gì kankan tó gbà gbọ́ lójú ẹsẹ̀ rí. Ó lọ sí kẹ́míìsì tó wà ní ìkòríta, ó bi Olúwayẹ́misí, obìnrin tó ni ibẹ̀, tó kẹ́kọ̀ọ́ òògùn ní yunifásítì.

"Màmá láti Ògbómọ̀ṣọ́? Wọ́n ti wá bá mi," ni Olúwayẹ́misí wí. "Wọ́n kó àwọn òògùn náà wá hàn mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí omi tutù kí wọ́n tó fi sí i, kí wọ́n yọ egbò kúrò, kí wọ́n má fo ìgbà kankan. Mo bá dókítà tó kọ òògùn náà sọ ọ́ lórí fóònù. Inú rẹ̀ ò dùn. Inú tèmi náà ò dùn, mà. Ó yẹ kí ènìyàn mọ ohun tó ń mu."

"Ewé náà ńkọ́? Òun nìkan, ṣé kò lè pa kòkòrò yẹn?"

"Àwọn olùwádìí ti fi oje efinrin dán an wò, wọ́n fi aáyù, wọ́n fi ata ilẹ̀. Nínú abọ́ àyẹ̀wò, àwọn kan ń dá kòkòrò náà dúró. Ṣùgbọ́n ikùn kì í ṣe abọ́. Ó ní ikun tó yọ̀ tó bò ó nínú, abẹ́ rẹ̀ ni kòkòrò yẹn ń sá sí. Èèyàn á mu oje ewé, á kọjá lọ, kòkòrò á dúró." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi náà ń fi efinrin se ọbẹ̀ o. Mi ò bá a ṣọ̀tá."

Láti àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, kí Màámi tó sọ̀rọ̀ rárá, Sùlíyá ti kọ ẹ̀yìn.

Òògùn tán. Nígbà tó yá, dókítà ní kí Àlàmú wá tún àyẹ̀wò ṣe. Sùlíyá bá a lọ. Kòkòrò náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Dókítà yìn ín pé ó lo òògùn rẹ̀ dáadáa, Àlàmú sì di ẹ̀rín mọ́ ẹnu títí wọ́n fi dé ìta.

"O ò rí i pé dókítà ń fi iṣẹ́ Màámi yangàn?" ló wí.

Sùlíyá ní kí wọ́n yára, kí oòrùn tó mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ nìyí: Àlàmú kò lè pa ẹnu mọ́. Ó sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Ó sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó ní òun gbé òògùn òyìnbó jù, ewé ló wo òun sàn, ìwé àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ òun. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú ìgò àti ikùn tó ń ta wọ́n. Màámi ń sọ fún wọn pé ewé ti tán. Wọn kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ le. Wọ́n ní obìnrin yìí fẹ́ gbé e lọ sí sàréè ni. Àwọn kan ń wo Sùlíyá láti ẹsẹ̀ dé orí, bí ẹni pé òun ló ń dí i lọ́wọ́.

Precious ló ń gbé yàrá iwájú. Ó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, ó máa ń jẹ búrẹ́dì àti sóódà ní gbogbo ọ̀sán. Àìsàn kan náà ni dókítà rí lára rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan ó wá sí ọgbà ẹ̀yìn, ó fi apá kan gbá inú mú, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré dání.

"Ìyá àgbà, ẹ káàárọ̀ mà. Àbẹ́gì, ẹ má lé mi o. Mo ti gbé ti dókítà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tiyín ni mo fẹ́."

"Ewé ti tán, ọmọ mi."

"Kò tán," ni Àlàmú wí. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, ó ń fá irùngbọ̀n. "Màámi, ẹ ṣàánú rẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún un." Ó dìde, ó wọlé, ó gbé àpò egbò jáde fúnra rẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú wọn. "Èyí ńkọ́? Èyí tán?"

Màámi kò wo àpò. Sùlíyá ló wò.

Sùlíyá rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá se egbò yìí fún Precious, yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Yóò padà sí ibi iṣẹ́, yóò máa dúpẹ́. Nǹkan náà yóò sì wà níbẹ̀, bó ti wà nínú bàbá Àlàmú. Bí òun bá sọ̀rọ̀, Àlàmú kò ní gba ife lọ́wọ́ òun tàbí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ mọ́ láéláé.

Precious tún gbá inú mú. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká sè é, Màámi," ni Sùlíyá wí.

Ojú Màámi le. Ṣùgbọ́n Sùlíyá ti já efinrin, ó ti gbé e kaná. Kò fọwọ́ kan egbò. Nígbà tó hó, ó sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n jókòó tì í títí ó fi tutù. Àlàmú ń ṣàlàyé fún Precious bí yóò ṣe korò tó.

"Ó ku ewé ìkẹyìn," ni Sùlíyá wí.

Precious yára kọ ẹ̀yìn sí wọn. Àlàmú ti kọ́ ọ.

"Má kọ ẹ̀yìn. Ìwọ lo máa lọ mú un wá. Inú yàrá ẹ ló wà, nínú páálí tó o gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Precious yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Uswat, ẹ mọ̀ọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o." Ó wo Màámi. Màámi kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lo wí?" ni Àlàmú bi ìyàwó rẹ̀.

Sùlíyá wọlé. Ó gbé páálí òògùn tó ṣófo jáde, pẹ̀lú agolo mílíìkì. Ó gbé méjèèjì lé orí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ ìfárùngbọ̀n. Àlàmú ṣí páálí. Ó da agolo sí àtẹ́lẹwọ́, ó wo àwọn èèpo náà, pupa àti ìyeyè, ó wò wọ́n pẹ́. Ọṣẹ ti ń gbẹ lójú rẹ̀.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni," ni Màámi wí.

"Àwa ni," ni Sùlíyá wí.

Màámi gbé ojú sókè, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́ ju bó ti máa ń wo ènìyàn lọ.

Àlàmú da àwọn èèpo náà padà sínú agolo, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó nu ojú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan tó fá àti ẹ̀gbẹ́ kejì tí kò fá. Ó jáde.

Precious ti lọ, ó ti padà dé pẹ̀lú páálí tirẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, kò mọ ẹni tí yóò fún. "Ṣé kí n tú u sínú ẹ̀ ni?"

"Má tú u sínú nǹkan kan," ni Màámi wí. "Fi omi gbé e mì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìwọ kì í ṣe ọmọ mi, ìwọ ò nílò ẹ̀tàn."

"Efinrin yìí ńkọ́, mà?"

"Fi se ọbẹ̀."

Ìrun mọ̀gáríbì ti fẹ́ tó kí Àlàmú tó wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀gbẹ́ irùngbọ̀n rẹ̀ kan ṣì wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà. Sùlíyá bu omi sínú ife, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún un.

Ó gbà á. Kò mu ún. Ó gbé e sókè, ó fi imú lé ẹnu rẹ̀, ó dúró díẹ̀. Láti orí ife ló ti wo ìyàwó rẹ̀, ó sì wo ìyá rẹ̀.

"Omi ni," ni Sùlíyá wí.

"Mo gbọ́."

Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mu ún dé ìdajì, ó sì gbé ìyókù kalẹ̀ sí ibi tí ojú rẹ̀ ti lè máa rí i.